Ìgbọ̀nwọ́ Mi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàálù

Ọkọ mi, ọmọ mi àkọ́bí,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara rẹ le, ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu rẹ? Ṣé ikọ́ tí o ń hú ṣáá nígbà tí o pe fóònù Aránṣọ, aládùúgbò wa, ti fi ọ́ sílẹ̀? Mo kí ọ, mo kí onílé rẹ, mo kí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá, mo sì kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, ẹni tí mi ò rí rí ṣùgbọ́n tí mo máa ń fi sínú àdúrà nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ ti ń wá. Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì. Ọ̀nà tí o bá gbà jáde láàárọ̀, òun náà ni wàá gbà wọlé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní yí padà wá ṣe ọ́ ní ibi, kò sì ní ṣe ará ilé rẹ ní ibi. Àmín.

Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí. Jọ̀wọ́, tún gbólóhùn yẹn kà, nítorí èmi náà ti tún un kà léraléra, ó sì ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ọdún kìíní mi nìyí ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́. Kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n yá wa, orí bẹ́ǹṣì wọn la sì ń jókòó, orúnkún wa a máa kan àgbọ̀n wa. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀, èmi sì lẹ̀rù ń bà jù. Tíṣà wa kéré sí ọ, àmọ́ bó bá ti pè mí sójú pátákó báyìí, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Mo máa ń bi ara mi pé ṣé orí mi kò ti gbẹ jù, ṣé kò yẹ kí n jókòó sílé. Ó kọ́ wa pé lẹ́tà ní orí, ó ní ara, ó ní ìparí, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé kí a máa kọ ohun tí a bá fojú ara wa rí nìkan, pé ẹni tó bá kọ ohun tí kò rí, máàkì rẹ̀ máa dín kù. Bí o bá rí àṣìṣe nínú èyí, má rẹ́rìn-ín níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Dúró dìgbà tó o bá délé.

Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Òrùlé yàrá rẹ ti ń jò díẹ̀, mo gbé garawa sí i. Ìròyìn ńlá tó wà nílẹ̀ ni pé àǹkù rẹ Páńpù, àbúrò mi atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ń díje dupò káńsẹ́lọ̀. Ọ̀rọ̀ afárá onípákó tó wà lójú odò ló sún un dé ibẹ̀. O mọ̀ pé gbogbo ẹni tó bá já sódò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ wọn lọ. Ó ní ó ti sú òun kí òun máa jẹun látinú ìṣubú aládùúgbò, pé bí òun bá wọlé, afárá onísìmẹ́ǹtì lòun máa kọ́kọ́ bèèrè fún. Ọ̀gá Búlọ́ọ̀kù, ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, náà ní òun ń fẹ́ ipò yẹn. Ọ̀rẹ́ làwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀, wọ́n jọ máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀bù Páńpù tí wọn á máa bú gọ́ọ̀mẹ́ǹtì. Owó tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ni mo fi bá àǹkù rẹ tẹ pósítà. Ó dùn mọ́ mi pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ló gbé e sójú ògiri.

Mo sì ń fi iṣẹ́ rẹ yangàn kiri. O ṣàlàyé fún mi pé ẹ máa ń jókòó sínú yàrá kan tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sí, oníkálukú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tirẹ̀; ọ̀gá yín á pín orúkọ olóṣèlú fún yín, ẹ ó sì máa kọ ọ̀rọ̀ nípa wọn sórí fóònù aráyé, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni owó ṣe ń pọ̀ tó. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì pé ọ̀rọ̀ dídùn lọmọ mi ń kọ nípa àwọn èèyàn. Tíṣà bi mí pé ṣé ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni. Mo ní kí ló tún kù tí èèyàn lè fi owó rà? Èébú pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ níbí, kò sì sẹ́ni tó ń rà á.

Àfi bí kámpéènì ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé kan, Aránṣọ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa wà nídìí máṣíìnì rẹ̀, fóònù rẹ̀ sì dún. Ó kà á sí mi létí pé Páńpù ti ta agogo ilé-ìwé, ó ti fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀. Mo ní háà! Mo rántí ẹ̀kọ́ tíṣà, mo so ìró mi le, mo lọ fojú ara mi wò ó. Agogo wà níbẹ̀ tó ń fì. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀, mo ní bóyá ó ti ta inú rẹ̀, kó fi èèpo sílẹ̀ fún wa. Ni mo bá lù ú. Ó dún. Mo tún lù ú kó lè dá mi lójú. Ọmọ mi, gbogbo kíláàsì ló tú jáde! Àwọn kékeré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé afárá kí ọ̀gá ilé-ìwé tó lé wọn bá. Ó bi mí pé Màmá, kí ni agogo ṣe yín? Mo ní ìwádìí ni mò ń ṣe. Ó ní kí n máa fi ojú ṣèwádìí, kí n yé fi ọwọ́ ṣe é. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé àwọn tó wà lóko gbọ́ agogo tó dún láìtó àkókò, wọ́n ní ẹ ò rí i báyìí, oníbàárà ló ń dán an wò. Bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi jẹ́rìí èké sí àbúrò mi nìyẹn. Nírọ̀lẹ́ tí tíṣà ń sọ ọ́ pé ìyá àgbà kan tú ilé-ìwé ká, pátákó ni mo kọjú sí, mo ń ka ohun tí wọ́n ti nù kúrò níbẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwòrán dé. Wọ́n gbé e sórí fóònù, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn. Páńpù ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, bàálù gidi tó ń fò, ó lanu sílẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì kà á: OWÓ AFÁRÁ LÓ FI Ń FÒ KIRI. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé mo lè kà á, lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, tí mo fi ẹnu ara mi fẹ́ oúnjẹ rẹ̀ kó lè tutù, ó wọ bàálù kò dágbére fún mi!

Mo já pósítà náà, mo mú un dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Aránṣọ ń tẹ̀ lé mi. Páńpù wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ kan tó dojú dé. Mo bi í pé ẹ̀bùn tó rà fún mi láti ìrìn àjò dà? Ó nu òróró ọwọ́ rẹ̀, ó ní ìrìn àjò wo. Mo ní kó má purọ́ fún mi, fìlà tó wà lórí rẹ̀ nísinsìnyí ló wà nínú àwòrán. Ó búra pé látọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, ìgbà tí òun já lórí afárá nìkan ni ẹsẹ̀ òun kúrò nílẹ̀. Mo wá sún mọ́ àwòrán náà kí n lè fi hàn án dáadáa, ìgbà yẹn ni mo rí nǹkan létí ibẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà bàálù. Ìgbọ̀nwọ́ kan ni. Ìgbọ̀nwọ́ náà ní àpá iná tó rí bí ẹja. Mo wo àwòrán, mo wo ọwọ́ ara mi. Ìgbọ̀nwọ́ mi ni! Ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Èmi náà ti dé ìdí bàálù, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ẹ̀yìn ìgbà tí mo mu omi ni mo tó rántí. Pálọ̀ wa ni! Ọjọ́ tí o ń lọ sí ìlú ńlá, tí o ní kí èmi àti àǹkù rẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kí o fi fóònù tuntun rẹ ya wá. Ìwọ lo sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. O ní wàá tẹ̀ ẹ́ fún mi, o ò tíì tẹ̀ ẹ́ dòní. Wọ́n ti gé pálọ̀ kúrò, wọ́n gé mi kúrò, ìgbọ̀nwọ́ mi nìkan ni wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

Bàbá mi, gbọ́ mi dáadáa, nítorí nǹkan tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyí. Ìwọ nìkan lo ní àwòrán yẹn. Olè ti wọ inú fóònù rẹ! Mi ò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́, àmọ́ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́, bí o bá sì fẹ́ sùn, fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo sọ èyí síta ní ṣọ́ọ̀bù, pé olè ti ja ọmọ mi. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òwú lára aṣọ rẹ̀, òwú tí kò sí níbẹ̀. Páńpù gba àwòrán lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí, ó sì padà sábẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òróró ló ta sí òun lójú.

Bó bá ṣe pé ibẹ̀ ló parí sí, ì bá dára. Ìkẹta ló wá fẹ́ pa á. Ó dé sórí fóònù gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní: Ṣé ẹni tó ń sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí àrá bá sán lẹ fẹ́ fi ṣe káńsẹ́lọ̀? Ọmọ mi, irọ́ kọ́ lèyí. O mọ̀ pé irọ́ kọ́. Àrá ti ń ba àǹkù rẹ lẹ́rù láti kékeré, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n láyé yìí ju èmi lọ, àti òun fúnra rẹ̀, àti ìwọ tí ẹ jọ máa ń wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á lu páànù, wọ́n á ní Páńpù, àrá ti dé o! Àgbàlagbà ń rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó ní òun máa lọ yọ orúkọ òun kúrò, pé kí Ọ̀gá Búlọ́ọ̀kù máa mú ipò náà lọ. Mo ní ṣebí ó fara da ti agogo àti ti bàálù. Ó dá mi lóhùn pé ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ dà bí ẹrẹ̀, bó bá gbẹ á gbọ̀n dànù; ṣùgbọ́n inú ilé lèyí ti wá.

Inú bí mi débi pé mo kúnlẹ̀ lójú Aránṣọ, mo ní ẹni tó kọ nǹkan yìí, kí ikọ́ dì í mú, kó hú u kó má lè sọ̀rọ̀. Aránṣọ ju sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó di ẹnu mi mú, ó ní Màmá, ẹ gbà á padà kíákíá! Mi ò mọ ohun tó kàn án níbẹ̀. Àmọ́ ó bẹ̀ mí títí, mo bá gbà á padà nítorí àlàáfíà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni ìpàdé ńlá ní pápá ilé-ìwé, kí olùdíje kọ̀ọ̀kan mú ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún un wá. Àǹkù rẹ kò mú ẹnì kankan. Ó kàn wá láti wá yọ orúkọ rẹ̀ ni. Èmi sì ti ń ronú lórí kámpéènì yìí, mo rò pé mo ti mọ bó ṣe rí, bí mo bá ṣì í, kí o tún un ṣe fún mi. Bí èèyàn bá fẹ́ ta ewúrẹ́ fún aládùúgbò rẹ̀, ó yẹ kó sọ fún un pé ewúrẹ́ yìí máa ń já okùn, ó máa ń jẹ aṣọ tí wọ́n bá sá. Ohun tí kámpéènì wà fún nìyẹn, kí a lè mọ àléébù ohun tí a fẹ́ mú wọlé. Àmọ́ wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò mọ ewúrẹ́. Ni mo bá gun orí pèpéle. Mo so ìró mi le, mo kọjú sí wọn.

Mo ní èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi ló yẹ kí n sọ àléébù rẹ̀. Mo ní bó bá yá òòlù lọ́wọ́ èèyàn, ìgbà tí onítọ̀hún bá ti ra òmíràn ló máa ń dá a padà. Mo ní ó máa ń hanrun débi pé ewúrẹ́ wa máa ń dá a lóhùn. Mo ní kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan kó parí rẹ̀ rí. Àǹkù rẹ fi fìlà bo ojú. Mo wá ní òtítọ́ ni, ẹ̀rù àrá ń bà á. Mo ní nígbà tí ọmọ mi wà ní kékeré, ẹ̀rù àrá ń ba òun náà, àwọn méjèèjì a sì jọ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àtùpà láti wò wọ́n, ọwọ́ Páńpù méjèèjì wà létí ọmọ mi, ó bò wọ́n pinpin. Etí tirẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún àrá. Mo ní àléébù rẹ̀ tí mo mọ̀ tán nìyẹn, kí ẹni tó fẹ́ rà á máa rà á.

Ìyàwó Ọ̀gá Búlọ́ọ̀kù ló kọ́kọ́ dìde, ó ní ọkọ òun ń sá fún aláǹgbá, pé orí tábìlì ló wà lọ́jọ́ tí òun fi ìgbálẹ̀ lé aláǹgbá náà jáde. Pápá bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní ìyàwó òun ló ń ba òun lẹ́rù, ìyàwó rẹ̀ ní kó wá sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ní látìgbà tí òun ti dáyé, kò sóhun tó ba òun lẹ́rù, àfi láìpẹ́ yìí, bí òun bá rí ìyá kan tó ń lọ sídìí agogo. Ọ̀gá Búlọ́ọ̀kù náà jáde síwájú, ó ń láàágùn. Ó ní ilé iṣẹ́ kan ní ìlú ńlá lòun gbé owó fún, wọ́n ní kí òun má dá sí i, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ àrá, òun ò mọ̀ ọ́n rí, àwọn tó wà nílé iṣẹ́ yẹn ló mọ̀ ọ́n. Ó di ọwọ́ àǹkù rẹ mú.

Àǹkù rẹ kò yọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa dìbò, mi ò sì mọ ẹni tó máa wọlé. Ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá Búlọ́ọ̀kù ti padà sórí bẹ́ǹṣì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù báyìí ni pé wọ́n ní ìka la máa fi tẹ bébà ìbò. Ṣé ẹni tó ti mọ̀wé á tún máa tẹ̀ka? Mo fẹ́ kọ gbólóhùn kan tó pé síbẹ̀ pẹ̀lú ìdí tí mo fi yàn án, tíṣà ní bí mo bá dán an wò, ìbò mi ti bàjẹ́ nìyẹn.

Jọ̀wọ́, bí ọwọ́ rẹ bá tó o, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra awò ojú, nítorí pátákó ti ń jìnnà sí mi. Kí o fi ti páànù méjì kún un fún òrùlé yàrá rẹ kí òjò tó rọ̀ dáadáa. Kí o sì tẹ àwòrán wa yẹn fún mi lódindi, èmi, àǹkù rẹ àti àga wa. Mi ò fẹ́ bàálù.

Àǹkù rẹ ní kí n kí ọ. Mo sọ fún un pé mò ń kọ̀wé sí ọ láti wá olè tó wọ fóònù rẹ. Ó ní bí o bá rí olè náà, kí o má ṣe nà án, kí o má sì fà á fún ọlọ́pàá. Ó ní kí o sọ fún un pé òjò ti ń ṣú níhìn-ín, àyè rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣì ṣófo, ọwọ́ òun méjèèjì sì ṣì wà. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, kí máàkì mi má bàa dín.

Ibi tí ọkàn rẹ kò bá ti balẹ̀, Olúwa á mú ọ kúrò níbẹ̀. Ilé kò ní sú ọ, ìwọ náà kò ní sú ilé. Hú ikọ́ rẹ tán, kí o máa bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
ọdún kìíní.